Kí A Tó Na Ọmọ Tí Kò Lè Kọ̀wé, Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Ọrùn Rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ fi iṣẹ́ oòjọ́ yín sílẹ̀ wá sí Adó-Èkìtì lónìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá bá mi láti ìtòsí Ìkẹ́rẹ́, pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ tí pẹ́ńsù ti ya ní ojú mẹ́ta. Ìyá ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ó gbọ́n, ó ń ro ìṣirò lórí, àmọ́ tó bá di ká kọ ọ́ sílẹ̀, àfi bí ẹni tí wọ́n so lọ́wọ́. Tíṣà ní ọ̀lẹ ni.” Mo ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí ẹní, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀. Mo rọra yí orí rẹ̀ sí òsì, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún sì kákò lójú ẹsẹ̀. Mo yí i sí ọ̀tún, ti òsì náà kákò. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé apá òun tẹ̀.

Gbogbo ọmọ ni ó gbé irú ìfèsì àbínibí bẹ́ẹ̀ wá sáyé, èyí tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ láìdúró de ìrònú. Bí ẹ bá fi ìka kan àtẹ́lẹwọ́ ìkókó, yóò dì í mú. Bí ẹ bá tọ́ ọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò yíjú síbẹ̀, yóò máa wá ọmú. Èyí tí àwọn ìyá àgbà mọ̀ jù ni ti ìdí ìwẹ̀: bí orí ọmọ bá rẹlẹ̀ lójijì, apá rẹ̀ méjèèjì á ṣí, á tún kó wọn jọ sáyà, á sì figbe ta. Ernst Moro, dókítà ọmọdé tí ó ṣiṣẹ́ ní Heidelberg ní Jámánì, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1918, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é títí dòní. Kì í ṣe gìrì. Ó yẹ kí ó ti lọ nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 4 sí 6. Ti ọrùn àti apá tí mo rí lára ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yẹn náà yẹ kí ó ti rọlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 6, nítorí bí ọpọlọ ti ń dàgbà ni ó ń gba àkóso ara lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá fojú inú wo ọmọ tí èyí kù sí lára nínú kíláàsì. Pátákó wà lápá òsì rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ó sì fi ń kọ̀wé. Gbogbo ìgbà tí ó bá yíjú wo pátákó ni apá tí ó fi ń kọ̀wé fẹ́ kákò, pẹ́ńsù á fẹ́ kúrò lójú ìlà, òun náà á sì fún un mọ́ ìka pinpin kí ó má baà bọ́. Ibẹ̀ ni ìwé ti ń ya. Irú mìíràn wà tí ó máa ń yọjú ní oṣù 6 sí 9, tí ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti dìde sórí ọwọ́ àti eékún kí ó tó rá. Bí òun ni ó bá kù, bí ọmọ bá ti tẹríba sórí ìwé, ìgbọ̀nwọ́ á tẹ̀, ẹsẹ̀ á nà jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sórí tábìlì. A ó ní kí ó jókòó dáadáa; yóò jókòó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni à ń pè ní occupational therapy. Àwọn kan rò pé a ń wá iṣẹ́ fún ènìyàn ni. Iṣẹ́ ọmọdé ni eré, ìwé kíkọ, bọ́tìnnì dídì àti okùn bàtà síso, àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí gan-an ni a sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Mo kọ́ ọmọ náà láti máa fàyà fà lórí ẹní bí alángbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí orí máa yí kí apá má sì tẹ̀lé e, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́. A gbé àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má baà máa rọ̀ dirodiro. Mo bẹ olùkọ́ rẹ̀ pé kí ó gbé e sí àárín, kí ó kọjú sí pátákó gan-an, ìyẹn kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ní 2000, àwọn olùwádìí ní Belfast gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 60, ọlọ́dún 8 sí 11, tí ìwé kíkà ń ni lára. Àwọn tí wọ́n fi ọdún kan ṣe irú ìdárayá yìí tẹ̀ síwájú nínú ìwé kíkà ju àwọn yòókù lọ. Ìrètí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan, nítorí náà ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ìdárayá nìkan ṣèlérí ìwòsàn, tí ó sì ń gbowó gọbọi lórí rẹ̀. Ọmọ tí ó fẹ́ mọ ìwé kọ gbọ́dọ̀ máa kọ̀wé náà, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ara kan ni kò lágbára, tàbí ohun tí ọmọ ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ rí. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà níbí ní Adó, ó wà ní Ìdó-Èkìtì náà.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwa Èkìtì fẹ́ràn ìwé, ilé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n ń retí ọ̀kan, ìfẹ́ yẹn náà ni ó sì ń jẹ́ kí ọwọ́ wa yá sí pàṣán bí ọmọ kò bá mọ ìwé kọ. Wọ́n ti na ọmọkùnrin yẹn fún ọdún méjì nítorí apá tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Nígbà tí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ fi parí, ó ń da ìlà mẹ́rin kọ láti ojú pátákó kí agogo tó lù. Ní ìlà karùn-ún, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ rẹ̀ á ní kí ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, kí ó fẹnu sọ èyí tí ó kù.