Ohun tí èèrà ò rí nínú ìtọ̀ ṣúgà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ ọ́n, téèyàn bá tọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé tí èèrà wá ń bò ó, wọ́n á ní ẹ tètè mójú tó ẹni yìí o, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣúgà ló ń bá ìtọ̀ jáde. Àmọ́ nǹkan kan tún ń bá a jáde tí èèrà ò lè fi hàn wá, fítámì B1 ni, òun ni wọ́n ń pè ní thiamine.

Ṣé ẹ mọ bá a ṣe ń sẹ́ ògì? Bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, àmọ́ tiẹ̀ tún lé kan, tó bá sẹ́ ẹ tán á tún padà lọ ṣa gbogbo nǹkan tó wúlò nínú omi yẹn, á dá wọn padà sẹ́jẹ̀, B1 sì wà lára wọn. Tí ṣúgà bá ti wá pọ̀ jù lára, àwọn ẹnu ọ̀nà kéékèèké tí B1 ń gbà padà á máa dín kù, ló bá ń bá ìtọ̀ lọ.

Lọ́dún 2007, Paul Thornalley àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Warwick nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ alátọ̀gbẹ 74 wò. B1 tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ wọn ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iye tó wà lára àwọn tí ò ní àtọ̀gbẹ. Bí kíndìnrín ṣe ń dà á nù ńkọ́? Ìlọ́po 24 ti àwọn tí ò ní àtọ̀gbẹ lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ táìpù 1, ìlọ́po 16 lára àwọn tó ní táìpù 2. Ìlọ́po 24 o!

Kí ló wá dé tí wọn ò ti rí i tipẹ́? Inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wá B1, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí náà sì ti ṣílẹ̀kùn sí i kí wọ́n lè fa ìwọ̀nba tó kù mọ́ra, àyẹ̀wò á wá ní kò síṣòro, bẹ́ẹ̀ ó ti dín kù gan-an nínú omi ẹ̀jẹ̀ níta. Ìyẹn ká mi lára gan-an.

Ní Lahore, Pakistan, wọ́n fún àwọn alátọ̀gbẹ kan ní B1 300 mílígíráàmù lójúmọ́ fún oṣù 3, prótéènì tó ń jò sínú ìtọ̀ wọn sì dín kù, àmọ́ èèyàn 40 péré ló wà nínú ìwádìí yẹn, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹ̀ ju oògùn ṣúgà yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa gbé B1 mì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n bá yín wo albumin, ìyẹn prótéènì tó ń jò yẹn, nínú ìtọ̀. Ike kékeré tí wọ́n bá gbé fún yín yẹn, ẹ má jẹ́ kójú tì yín láti tọ̀ sí i.