Aáró, Ọ̀wẹ̀ àti Opó Tí Ìjọ Gbàgbé

Ẹ Òkun o, ẹ̀yin ará wa ní Kàbbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, àti ẹ̀yin tó ń wò wá láti ẹ̀yìn odi. Lónìí, a ó sọ bí onígbàgbọ́ ṣe lè fẹ̀yìn ti onígbàgbọ́ bíi tirẹ̀. Kì í ṣe ti "màá rántí yín nínú àdúrà" nìkan o. Ìyẹn kì í náni lówó.

Nígbà tí míṣọ́nnárì Tommy Titcombe dé ilẹ̀ Yàgbà lọ́dún 1908, aáró ti wà ńlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìgboro, ẹ gbọ́: àwọn àgbẹ̀ á kó ara wọn jọ, wọ́n á kọ ebè lóko ẹnìkan lónìí, lóko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Bí mo bá bá ọ ṣe é, ọjọ́ iṣẹ́ kan wà lọ́rùn rẹ nìyẹn. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀ kò ní kíkà. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á pe àna, ìbátan àti ọ̀rẹ́, á gúnyán, á sì wá ẹran sọ́bẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe aáró gbọ́dọ̀ lágbára láti san án padà. Ẹni tó ń bẹ ọ̀wẹ̀ gbọ́dọ̀ níṣu tí yóò gún. Opó tí kò lọ́mọkùnrin, tí iṣu ti tán ní àká rẹ̀, èwo ni yóò bẹ̀?

Irú opó bẹ́ẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Ojoojúmọ́ ni ìjọ ń pín oúnjẹ, àmọ́ wọ́n ń fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì. Nígbà tí àwọn èèyàn wọn ráhùn, àwọn àpọ́sítélì kò pè é ní òfófó, wọn kò sì ní kí wọ́n lọ gbààwẹ̀ sí i. Wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin 7 tó lórúkọ rere. Stéfánù, Fílípì, Prókórù... orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn ń jẹ́! Ó jọ pé ọwọ́ àwọn tó ráhùn gan-an ni wọ́n fi ìkòkò ọbẹ̀ lé. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ká ní obìnrin Ẹ̀bìrà kan tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá dáko nítòsí Kàbbà. Ẹ̀yìn ló ń jókòó. Owé, èdè àwọn ará Kàbbà, àti Yorùbá la fi ń kéde. Ó bímọ, kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ obìnrin ń pín ẹni tí wọn yóò bẹ̀ wò, ìwé orúkọ ni wọ́n ṣí, orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ torí kò tíì san owó ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n gaàrí, ọṣẹ, àti òróró inú ike omi tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti gba ilé ìyàwó alàgbà lọ.

Ẹ má sì sọ ọ́ di alágbe. Àwọn ìjọ Makedóníà tálákà paraku, síbẹ̀ wọ́n bẹ Pọ́ọ̀lù kó jẹ́ kí wọ́n dá sí owó ìrànwọ́ tó ń kó jọ fún àwọn ará Jerúsálẹ́mù. Ohun tó sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì ni pé ọ̀pọ̀ tiyín lónìí yóò dí àìní wọn, ọ̀pọ̀ tiwọn náà yóò sì dí tiyín. Torí náà, tó bá ti jáde ọmọ, ẹ fi òun náà sára àwọn tó ń bẹ ilé wò. Ó gbọ́ èdè tí ẹ̀yin kò gbọ́.

Ti ọ̀lẹ kò gùn: ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni Pọ́ọ̀lù ní kó má jẹun, kò sọ ẹni tí kò lè ṣe é.

Ó ku owó. Pọ́ọ̀lù kò dá nìkan gbé owó ìrànwọ́ lọ. Àwọn ìjọ yan ẹni tó bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa fẹ̀sùn kàn án. Bí àpọ́sítélì bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, akápò yín náà lè jẹ́ kí ẹni méjì jọ kà á, kí wọ́n sì jọ buwọ́ lù ú.