Àpá Tó Wà Lápá Ìyá Àgbà

Ẹ bá mi sọ fún ìyá àgbà tó wà nílé yín pé kí wọ́n ká ọwọ́ bùbá wọn sókè díẹ̀. Ṣé ẹ rí àpá roboto kan lápá wọn? Bí wọ́n bá ti lé ní ẹni 60 ọdún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná. Àwọn àgbà ò jẹ́ dárúkọ àìsàn yìí ní gbangba. Olóde ni wọ́n ń pè é. Nínú ẹni 10 tó bá mú, bíi 3 ló máa ń pa. Ẹni tó bá yè é, ojú rẹ̀ á rí kòtò kòtò, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kó tún ṣe é.

Kí ló dé?

Ara ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Bí kòkòrò àrùn tí wọn ò rí rí bá wọlé, ó máa ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó mọ ohun ìjà tó máa ràn án. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun, àwọn kan lára wọn ò ní gbàgbé ojú rẹ̀ mọ́. Tó bá tún yọjú, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti kò ó lójú.

Àjẹsára ń fi ojú ọ̀tá han ẹ̀ṣọ́ kógun tó dé. Ní 1796, Edward Jenner, dókítà ará Ìlú Ọba, mú omi inú ìléròrò tí obìnrin kan kó lára màlúù (àrùn màlúù yìí jọ ìgbóná, àmọ́ kò le tó o), ó sín gbẹ́rẹ́ sápá ọmọkùnrin ọdún 8 kan, ó fi í síbẹ̀. Àfi bíi ti babaláwo! Nígbà tó wá fi ìgbóná gan-an dán ọmọ náà wò, kò ràn án. (Lónìí, ta ló máa gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún irú ẹ̀?) Nígbà tó di 1980, àjọ WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde pé ìgbóná ti tán láyé.

Èéyi ò tíì tán. Níbi táwọn èèyàn ò ti ní àjẹsára, elèéyi kan lè kó o ran ẹni 12 sí 18. Oṣù 9 lọmọ sì ń gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣáájú ìyẹn, àwa tó yí i ká lọgbà rẹ̀: bí ẹni 95 nínú 100 bá ti gbà á, àrùn náà ò ríbi gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́.

Ìkejì ń bẹ ní oṣù 15, òun làwọn òbí máa ń gbàgbé. Ẹ gbé káàdì ọmọ yín wá, ẹ wo ibẹ̀ wò.