Ẹja La Mọ̀ Ní Ẹ̀pẹ́, Ìjàpá Òkun Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ àti òbí sọ ní Ẹ̀pẹ́ rèé. Mo tún un kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù ọ̀sán yìí sílẹ̀ wá jókòó, ẹ ṣeun, ẹ kú ìjókòó.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí èèyàn ṣe ń kàwé lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ kó tó di ẹni tó ń dáàbò bo ẹranko inú òkun, àti irú iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí létí òkun ní ìhà Ìbẹ́jú, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì.

Ìdájí ni. Àwọn apẹja ń fa àwọ̀n gúnlẹ̀, àwa mẹ́ta tí wọ́n rán wá ka ẹja sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Bí àwọ̀n ṣe dé orí iyanrìn, ìjàpá òkun kan ló wà láàárín ṣawá. Okùn ti wé mọ́ ọn lọ́rùn àti lápá iwájú. Ẹ rántí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo inú àlọ́ wa, tó jẹ́ pé bí ìjàngbọ̀n bá ti dé, á fa orí wọlé. Ti òkun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ kì í wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rí bí àjẹ̀ kì í wọlé náà. Afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí lòun náà ń mí, bí àwọ̀n bá dè é mọ́ ìsàlẹ̀ omi, á kú bí èèyàn ṣe ń kú sómi. Èyí ṣì ń mí. Mo gbọ́ ọ: èémí kan ṣoṣo, ó gùn, ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí mínírà. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń pariwo pé ó ń sunkún. Iyọ̀ òkun tó ti mu ló ń tú dànù, ojú ló ń gbà jáde.

Mo sọ fún baba tó ni àwọ̀n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òfin ò gbà kí ẹ pa á." Baba wò mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, òfin wo? Ta ló ṣe é? Ẹni tó ṣe é, ṣé á bá mi ra àwọ̀n tuntun?"

Mo mọ orúkọ Látìnì ẹranko náà. Mo mọ ohun tó ń jẹ. Nínú ìbéèrè mẹ́ta tí baba bi mí, n kò lè dáhùn ẹyọ kan. Baba fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n ara wọn, wọ́n sì jẹ́ kó padà sómi. Kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní bàbá àwọn kì í jẹ ẹ́, pé èèwọ̀ ìdílé ni.

Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni mo gbé lọ sí master's. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbọ́ lẹ́nu mi lónìí ni pé kí ẹ wá ìbéèrè kí ẹ tó wá ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin wo? Ní 1985, ìjọba ológun ṣe òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má pa àwọn ẹranko tó fẹ́ tán nílẹ̀, kó má sì fi wọ́n ṣòwò. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 1973, tí gbogbo ayé ń pè ní CITES, ni òfin náà tẹ̀ lé. Ní 1974 ni Nàìjíríà ti wọ inú àdéhùn yẹn, a wà lára àwọn tó tètè dé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ₦1,000 ni owó ìtanràn inú òfin 1985 fún ẹni tó bá kọ́kọ́ rú apá tó le jù nínú rẹ̀. Nígbà yẹn, owó gidi ni. Nígbà tó yá, kò tó nǹkan mọ́. Ó di 2016 kí wọ́n tó sọ ọ́ di mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ní gbogbo ọdún yẹn, ẹni tó ta odidi ìjàpá òkun lè san ìtanràn rẹ̀ látinú ṣéńjì àpò rẹ̀, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ta ló yẹ kó ti rí i pé owó yẹn ti di yẹpẹrẹ, kó ṣírò rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì gbé e tọ àwọn aṣòfin lọ títí wọ́n á fi gbọ́? Iṣẹ́ ni. Wọ́n ń gba owó oṣù lórí rẹ̀. Òun ni iṣẹ́ ìlànà ìjọba tí ẹ ń gbọ́ yìí.

Ta ló ń ṣe òfin? Ọ̀rọ̀ edé ni màá fi dáhùn, nítorí òun ló la èmi gan-an lójú. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun láti kó edé máa ń kó ìjàpá mọ́ ọn. Wọ́n wá ṣe irin kan bí irin ojú fèrèsé, wọ́n fi dábùú ọrùn àwọ̀n. Edé á gba àárín irin kọjá sínú àpò. Ìjàpá á forí sọ irin, á sì bá ihò tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ jáde. Ní 1989, Amẹ́ríkà ṣòfin pé àwọn kò ní ra edé tí wọ́n bá fi àwọ̀n tó lè pa ìjàpá kó. India, Malaysia, Pakistan àti Thailand fárí gá, wọ́n gbé Amẹ́ríkà lọ síwájú Àjọ Òwò Àgbáyé. Ní 1998, àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní kò sóhun tó burú nínú kí orílẹ̀-èdè dáàbò bo ìjàpá, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ṣe ojúsàájú: ó fún àwọn ará Caribbean ní àkókò tó gùn ju èyí tó fún àwọn ará Asia lọ. Amẹ́ríkà tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Malaysia tún pe ẹjọ́, ní 2001 wọ́n dá Amẹ́ríkà láre.

Ẹ wo irú èèyàn tó wà nínú ọ̀rọ̀ irin kan ṣoṣo yìí. Ẹni tó mọ bí ìjàpá ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó mọ àwọ̀n rán. Amòfin. Ẹni tó mọ ìṣirò ọjà. Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìpẹja tó ń wọ inú ọkọ̀ lọ wò ó bóyá irin náà wà níbẹ̀, nítorí àwọn ọkọ̀ edé ti Nàìjíríà náà, dandan ni fún wọn. Bí ẹ bá ka ìmọ̀ ẹranko nìkan, ẹ ó dúró létí omi bí mo ṣe dúró, ẹnu yín á sì wúwo.

Ìbéèrè kẹta, ta ni yóò ra àwọ̀n tuntun, òun ló le jù. Títí di òní, ó ṣì ń dà mí láàmú. Ẹni tó bá fẹ́ kí apẹja gé àwọ̀n rẹ̀ nítorí ẹranko tí òun kò ní í jẹ, ó yẹ kó ti mọ iye tí àwọ̀n jẹ́ lọ́jà.

Ní ti ilé-ìwé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń wá àyè, mo kọ lẹ́tà kan náà sí olùkọ́ tó lé ní ọgbọ̀n, mo kàn ń pààrọ̀ orúkọ. Mo ní mo nífẹ̀ẹ́ òkun láti kékeré. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ó sì dùn mí gan-an nígbà náà. Lẹ́yìn náà mo kọ ìpínrọ̀ méjì péré sí ẹnì kan: mo sọ ìtàn baba yẹn, mo sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti wádìí iye tí apẹja ń pàdánù nígbà tó bá tú ìjàpá sílẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni ìdáhùn dé. Olùkọ́ tó máa tọ́ ẹ sọ́nà ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ẹ ka ohun tó ti kọ kí ẹ tó kọ̀wé sí i.

Kò pọn dandan kí ẹ kúrò nílé. Yunifásítì Èkó ní ẹ̀ka ìmọ̀ òkun, Ìbàdàn ní ẹ̀ka ẹranko igbó, Abẹ́òkúta ní ti ẹja. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, NIOMR, wà ní Victoria Island láti 1975. Ní Ghana, Yunifásítì Cape Coast ní ibùdó ńlá fún ọ̀rọ̀ etí òkun, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ń kàwé níbẹ̀. Ẹni tó bá máa rìn jìnnà, ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Duke ní ilé ẹ̀kọ́ òkun ní ìlú Beaufort; Yunifásítì Florida ní ibùdó ìjàpá òkun tí wọ́n fi orúkọ Archie Carr, onímọ̀ ìjàpá òkun, pè; Yunifásítì James Cook wà ní Australia; ẹni tó bá fẹ́ òfin òkun àti ìṣàkóso rẹ̀, yunifásítì tí àjọ ọkọ̀ ojú omi àgbáyé dá sílẹ̀ ní 1983 wà ní Malmö, ní Sweden.

Owó ńkọ́? Ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sí èyí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe PhD nínú ìmọ̀ yìí ni ilé-ìwé ń san owó ẹ̀kọ́ fún, tí wọ́n tún ń fún ní owó oúnjẹ torí pé ó ń bá olùkọ́ ṣiṣẹ́. Master's ló máa ń gba owó lápò ẹni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ta ilẹ̀ ìdílé nítorí master's nígbà tí kò tíì gbìyànjú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń san gbogbo rẹ̀ fún ọdún kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìrírí iṣẹ́ bí ọdún méjì, ó sì fẹ́ kí èèyàn padà sílé fún ọdún méjì. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Commonwealth náà wà. Ti Yúróòpù, Erasmus Mundus, á mú yín ka ìwé kan ní orílẹ̀-èdè méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ kọ́ ìṣirò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ sá wá sínú ìmọ̀ ẹranko nítorí wọ́n ń sá fún ìṣirò. Á bá wọn níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà R tí gbogbo ayé ń lò fún un, ọ̀fẹ́ ni QGIS tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilẹ̀. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé tó yé aṣòfin láàárín ojú ewé méjì.

N kò ní tàn yín lórí iṣẹ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ iṣẹ́ ọdún kan tàbí méjì, tí owó ìrànwọ́ bá tán, iṣẹ́ tán. Ṣùgbọ́n òfin 1992 ní kí wọ́n yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá máa ní lórí àyíká wò kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ẹ wo gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ láti Lẹ́kí dé Ẹ̀pẹ́, láti orí èbúté tó ṣí ní 2023. Ọmọ ìjàpá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin lóru, ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ló ń forí lé, torí ojú òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ jù láyé àtijọ́. Iná ẹ́sítéètì ń pè é sórí títì báyìí. Ẹnì kan ní láti jókòó pẹ̀lú àwọn akọ́lé, kó sọ ibi tí iná yẹ kó kọjú sí. Ọdún 2023 náà ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ọrọ̀-ajé òkun sílẹ̀. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí i pé wọ́n ń pa òfin àyíká mọ́, wà, Kọ́sítọ́ọ̀mù wà, ọ́fíìsì CITES wà ní Geneva.

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹ ní ohun tí owó kò lè rà fún ọmọ Yúróòpù. Ẹ mọ omi, ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀, ẹ sì gbọ́ ohun tí apẹja ń sọ kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Ẹran ńlá kan wà nínú àwọn odò àti ọ̀sà wa tó ń jẹ koríko omi, tí ìwé ń pè ní mánátì, tí àwọn Haúsá ń pè ní ayú. Ọmọ kan ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, oyún rẹ̀ sì tó ọdún kan. Ní 2013 ni CITES gbé e sínú ìwé àwọn ẹranko tí òwò àgbáyé lórí wọn léèwọ̀ pátápátá. Ẹ lọ bi bàbá yín bóyá wọ́n ti rí i rí, níbo, lọ́dún wo, kí ló wà nínú àwọ̀n lọ́jọ́ náà. Ẹ bi àwọn ìyá wa ní ọjà Olúwò. Kí ẹ tó bi èèyàn ogójì, ẹ ti ní ìbéèrè tó lè gbé yín dé PhD. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Olóyè Shafi Lawal Edu, tí wọ́n bí ní 1911, tó dá Nigerian Conservation Foundation, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, sílẹ̀ ní 1980. Oníṣòwò ni wọ́n. Àjọ náà ṣì ń fi orúkọ wọn fún àwọn tó ń ṣe PhD ní owó ìwádìí.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọmọkùnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Àǹtí, kí ni kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́la?" Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ ní àwọ̀n. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo yọ tépù télọ̀ nínú báàgì mi, mo fi hàn án lórí tábìlì bí a ṣe ń wọn ìjàpá: láti ibi tí igbá ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ nídìí ọrùn, kí tépù tẹ̀ lé ẹ̀yìn náà lọ títí dé òpin rẹ̀ nídìí ìrù. Kọ iye rẹ̀, kọ ọjọ́, kọ ibi, kọ irú àwọ̀n, kí o sì kọ bóyá ó ń mí. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí abọ́ tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo ní kó máa mú tépù náà lọ.