Ooru Tí Ó Ń Ṣáájú Òjò: Bí Òkun Ṣe Ń Darí Ojú Ọjọ́ Èkó

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin olùwòran wa. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni ẹ ń wo fídíò yìí, tí ẹ sì wà ní Èkó, ẹ ti mọ ìdí tí mo fi kí yín bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wẹ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ní Múṣin, kí ó tó dé ibùdókọ̀, òógùn ti mú kí ẹ̀wù lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ní Ìdúmọ̀tà, àwọn tí wọ́n ń ta aṣọ lábẹ́ agboòrùn ti ń fi páálí fẹ́ ara wọn kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí iná ọba kò sí, tí fáànù dúró jẹ́ẹ́, ẹni tí ó ní ẹní yóò gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀ ni àgbàlagbà kan yóò ti sọ gbólóhùn tí gbogbo wa ti ń gbọ́ láti kékeré, pé ooru yìí ti pọ̀ jù, òjò ni yóò dá sí.

Òótọ́ ni àgbàlagbà náà sọ. Ní Èkó, ọmọ ìyá kan náà ni ooru tí ń mú wa láàgùn àti ìjì tí ń ṣí páànù, òkun sì ni ìyá wọn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí nìyẹn.

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń du ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọdún dé ọdún. Ọ̀kan ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn. Ó gbẹ, ó sì ru eruku, òun ni ó ń mú ọyẹ́ wá. Èkejì ń ti orí Òkun Àtìláńtíìkì wọlé láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, omi sì kún inú rẹ̀. Ààlà tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan, nítorí pé oòrùn ni ó ń tẹ̀ lé. Nínú oṣù Kìn-ín-ní, ààlà náà máa ń sún mọ́ etíkun wa, ètè a sì máa gbẹ, ojú ọ̀run a sì ṣókùnkùn fún eruku lórí Afárá Third Mainland. Nígbà tí ó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, ó ti gòkè kọjá Kánò lọ jìnnà sínú aṣálẹ̀.

Oòrùn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Ìtumọ̀ èyí ni pé ní nǹkan bí ọjọ́ 6 tàbí 7 oṣù Kẹrin, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró gangan lókè orí wa. Bí ẹ bá gbé igi kan nàró ní gbangba lọ́jọ́ náà, ní nǹkan bí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí òjìji rẹ̀ rárá. Ẹ dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Kò sí ohun tí ó yé ọmọdé tó ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí.

Síbẹ̀, bí a bá fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ooru wa kò ga tó ti àríwá orílẹ̀-èdè yìí. Nǹkan bí 33°C ni ọ̀sán oṣù Kejì àti oṣù Kẹta máa ń jẹ́ ní Èkó, nígbà tí ti Sókótó àti Mẹdúgùrì lè kọjá 40°C. Ẹni tí ó bá ti gbé ní ìhà méjèèjì yóò sọ fún yín pé ooru ọ̀hún ń yan ènìyàn ni, tiwa sì ń se ènìyàn. Ìyàtọ̀ náà wà nínú òógùn. Ara ń làágùn kí òógùn náà lè gbẹ, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń gbé ooru kúrò lára. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó ti orí òkun bọ̀ ti mu omi yó, gẹ́gẹ́ bí aṣọ ìnura tí ó ti rin gbingbin kò ṣe lè nu omi kúrò lára ẹni mọ́. Òógùn á máa ṣàn, kò ní gbẹ, ooru yóò sì dúró sínú ara. Òru kì í sì gbani, nítorí pé omi inú afẹ́fẹ́ náà ń dí ooru lọ́nà kí ó má lè padà sí ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni ògiri sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà ojú títì ń tú èyí tí wọ́n gbà lọ́sàn-án sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di òwúrọ̀.

Ooru yìí kò mú gbogbo wa bákan náà. Ní Marina, atẹ́gùn òkun máa ń dé ní ọ̀sán, ó sì máa ń tu ènìyàn lára. Kí ó tó dé Ìkẹjà àti Àgége, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìsàlẹ̀ Èkó sún mọ́ omi, ṣùgbọ́n àwọn ilé alájà tí wọ́n fi èjìká kan ara wọn ti dí ọ̀nà mọ́ atẹ́gùn náà. Mo rántí igi máńgòrò kan ní àgbàlá ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá mi àgbà máa ń jókòó sí láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́ ní àkókò ẹ̀rùn, tí yóò máa bó àgbálùmọ̀ fún wa. Wọ́n gé e láti fi àyè gba yàrá méjì sí i, wọ́n sì fi kọnkéré dí gbogbo ilẹ̀ tí ó kù. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó lè jókòó ní àgbàlá náà lọ́sàn-án mọ́. Ó dùn mí títí di òní, nítorí pé ìbòòji nìkan kọ́ ni igi ń fúnni; omi tí ó ń fà láti inú ilẹ̀, tí ó ń mí jáde láti ara ewé rẹ̀, ń mú kí àyíká tutù.

Ní àkókò yìí kan náà ni omi kànga máa ń lọ sílẹ̀, tí owó kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ruwà sì máa ń gòkè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣọ́ àwọn arúgbó àti ọmọ ọwọ́ inú ilé. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná janjan, tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò bára mu tàbí tí ó dákú, ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìfi àkókò ṣòfò.

Wàyí o, báwo ni ooru yìí ṣe ń di òjò? Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ilẹ̀ Òṣòdì àti Àgége ti ń gbóná ju ojú ọ̀sà àti òkun lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, nítorí náà ó ń gòkè, afẹ́fẹ́ òkun a sì wọlé láti gba ipò rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ọlọ́mi yìí ti ń gòkè ni ó ń tutù, omi tí a kò fojú rí nínú rẹ̀ a sì di ẹ̀kán wẹ́wẹ́, èyí tí a ń rí bí àwọsánmà funfun tí ó wú bí òwú. Nígbà tí omi náà bá ń di ẹ̀kán, ó ń tú ooru tí ó gbé wá láti orí òkun sílẹ̀, ooru náà a sì tún ti àwọsánmà sókè sí i, títí yóò fi ga ju kìlómítà 12 lọ. Ooru tí ó ń dà wá láàmù yìí gan-an ni epo tí ìjì ń jó. Orí ilẹ̀ tí ó gbóná ni àwọsánmà yìí ti ń ga, kì í ṣe etí omi. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó wà ní Àgége fi lè pe ará ilé rẹ̀ ní Ọbaléńdé pé òjò ti ń rọ̀, tí onítọ̀hún yóò sì ní irọ́ ni, oòrùn ni òun ń wò.

Ṣùgbọ́n àwọn ìjì ńlá oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún kì í sábà jẹ́ ọmọ bíbí Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a bí ní apá ìlà-oòrùn, ní agbègbè òkè Jọ́ọ̀sì tàbí àwọn òkè Kamẹrúùnù. Wọ́n á tò gbọọrọ bí ọ̀wọ́ ọmọ ogun, ẹ̀fúùfù òkè ọ̀run a sì máa dà wọ́n lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bí kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá dúró ní etí ọ̀sà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ohun kan tí ó ti ya èmi náà lẹ́nu láti kékeré: òjò ṣú dùdù ní apá Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, síbẹ̀ atẹ́gùn ń fẹ́ láti òkun lọ bá a, bí ẹni pé ó fẹ́ lé e padà. Kò lé e padà o. Ó ń bọ́ ọ ni. Omi tí atẹ́gùn náà ń gbé lọ ni ìjì yóò fi rọ òjò lé wa lórí.

Lẹ́yìn náà ni ohun gbogbo yóò dákẹ́. Ewé kò ní mì. Àwọn ìyá a máa sáré ká aṣọ lórí okùn, àwọn oníṣòwò Balógun a máa fa ọ̀rá bo ọjà. Lójijì ni atẹ́gùn tútù kan yóò dé, tí yóò gbá eruku àti ọ̀rá omi sókè. Òjò tí ń rọ̀ níwájú ni ó mú afẹ́fẹ́ òkè tutù, tí ó wọ́ ọ wálẹ̀. Nígbà tí ó kanlẹ̀, kò rí ibi gbà mọ́ ju kí ó ya síwájú. Atẹ́gùn yìí ni kí ẹ bẹ̀rù kí ẹ tó bẹ̀rù omi. Òun ni ó ń ṣí páànù, tí ó ń wó pátákó ìpolówó àti ọgbà tí kò lágbára, tí ó sì ń já wáyà iná. Ẹ má ṣe fara pamọ́ sábẹ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tí ó bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi ní ọ̀sà kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí ó bá ń gbọ́ ariwo rẹ̀ kí ó tó wá èbúté.

Àrá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní òkè àwọsánmà, òtútù pọ̀ débi pé omi ń di yìnyín wẹ́wẹ́, àwọn yìnyín yìí ń kọlu ara wọn, ìkọlù wọn sì ń ya agbára iná sí ọ̀nà méjì, títí afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín wọn kò fi ní lè dá wọn dúró mọ́. Nígbà náà ni mọ̀nàmọ́ná yóò kọ yẹ̀rì. Ọ̀nà tóóró tí ó gbà kọjá lè gbóná tó 30,000°C, èyí tí ó tó ìlọ́po márùn-ún ooru ojú oòrùn, afẹ́fẹ́ tí ó gbóná lójijì bẹ́ẹ̀ a sì fẹ̀ pẹ̀lú ariwo tí a ń pè ní àrá. Àwọn baba wa gbọ́ ohùn Ṣàngó nínú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ọ̀wọ̀ tí ó yẹ ẹ́. Nínú ilé tiwa, wọ́n máa ń fi aṣọ bo dígí nígbà tí àrá bá ń sán. Dígí kì í fa àrá, ṣùgbọ́n yíyọ okùn tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná, tí wọ́n tún máa ń ṣe, bọ́gbọ́n mu pátápátá.

Bí ẹ bá rí mọ̀nàmọ́ná, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá; mẹ́ta mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Bí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30, ìjì náà ti wọ àárín kìlómítà 10 sí yín, ẹ wọlé. Ẹ dúró sínú ilé títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Dáńfó tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní títì, lè dáàbò bo àwọn inú rẹ̀. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ igi burú. Èyí tí ó tún burú jù ni kí apẹja Mákòkó nàró nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní àárín ọ̀sà, níbi tí kò sí ohun tí ó ga jù ú lọ.

Òjò àkọ́rọ̀ a tún máa tan ènìyàn jẹ. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀dá sì tẹ̀ lé e fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ òkun kò tí ì fìdí múlẹ̀ dáadáa. Àgbẹ̀ Ẹ̀pẹ́ tàbí Badagry tí ó ti yára gbin àgbàdo yóò máa wo ọ̀gbìn rẹ̀ bí ó ṣe ń rọ. Fún irú ìpinnu báyìí ni NiMet, àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ṣe ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n retí pé kí òjò fìdí múlẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù bá ń pè ní oṣù Kẹfà pé ooru ti dé, oṣù tí òjò wa pọ̀ jù lọ nìyẹn. Òjò yìí kì í pariwo bí ti oṣù Kẹrin. Ó lè rọ̀ láti òru di ọ̀sán láìsí àrá púpọ̀. Bí ó bá sì bá ìgbà tí omi òkun àti ọ̀sà kún pàdé, gọ́tà kò ní rí ibi da omi sí. Àwọn tí ọ̀ràn òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011 kàn, èyí tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn ní Èkó, kò tí ì gbàgbé.

Lẹ́yìn náà, oṣù Kẹjọ á dé, òjò á sì dá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òjò ti rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òkun ni ó tún wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní àkókò yìí, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Gánà àti Ivory Coast. Àwọn apẹja ọ̀hún mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ó ń gbé oúnjẹ ẹja wá sókè. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba orí omi tútù kọjá kì í lágbára láti gòkè di ìjì, ni ojú ọ̀run Èkó bá ṣú láìrọ òjò, tí ọ̀sán sì ń tutù tó 28°C.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, oòrùn á tún gba orí wa kọjá, bí ó ti ń padà sí gúúsù. Òkun á gbóná padà, òjò á padà dé, àwọn ìjì láti ìlà-oòrùn á sì tún máa fi atẹ́gùn àti àrá wọlé nínú oṣù Kẹwàá. Ní oṣù Kọkànlá, àrá á dákẹ́. Bí ó bá di oṣù Kejìlá, àwọn obìnrin á ti máa to àgbálùmọ̀ sínú àtẹ ní Ọ̀yìngbò.