Fíìmù Àròkọ: Ohun Tí Ojú Ti Rí, Kí Ẹnu Má Tún Un Sọ

Ẹ fojú inú wo òpópónà kan. Bọ́ọ̀sì ń kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ń tún ọ̀nà ṣe, ọkùnrin kan ń sọdá títì. Ìlú Yakutsk ni, ní Siberia, nínú fíìmù Lettre de Sibérie tí Chris Marker, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe lọ́dún 1957. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi àwòrán yìí hàn wá. Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn tó ń sọ̀rọ̀ ń yin ìjọba Soviet: inú òṣìṣẹ́ ń dùn, ìlú ń gbèrú. Lẹ́ẹ̀kejì, èébú ló kù: òṣìṣẹ́ yẹn náà ló wá di ẹrú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣe bí ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni; ìyẹn gan-an ò sì sọ òótọ́ tán. Àwòrán ò yí padà o! Ohùn ló yí.

Fíìmù àròkọ nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n ń yà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yà á ò fara pa mọ́. Èrò rẹ̀ là ń gbọ́, àti iyèméjì rẹ̀.

Ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í ṣe rè é. Ẹ ya ìyá alákàrà, ẹ wá ń sọ lórí rẹ̀ pé, "Ìyá yìí ń dín àkàrà." Háà! Ṣé a fọ́jú ni? Ohun tí ojú ti rí, kí ẹnu má tún un sọ. Èmi nìkan ni mo láṣẹ àtúnsọ níbí: OHUN TÍ OJÚ TI RÍ, KÍ ẸNU MÁ TÚN UN SỌ! Ẹ sọ ti ẹni tó máa ń jókòó sórí àpótí tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yẹn.

Ẹ fa ìlà sáàárín ìwé. Lápá òsì, ohun tí a ń rí. Lápá ọ̀tún, ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ tó bá wà lápá méjèèjì, ẹ pa á rẹ́ lápá ọ̀tún. Ìdajì ọ̀rọ̀ yín lè bá a lọ. Kó máa lọ! Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn, ẹ wo àwòrán. Ẹ wá dijú, ẹ gbọ́ ohùn. Bí ọ̀kan bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sọ tán, èkejì ò níṣẹ́ ńbẹ̀.

Àròkọ, àrokò (ọ̀rọ̀ tí a fi nǹkan rán síra ẹni): etí mi kì í ya méjèèjì. Owó ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìfẹ́ ni. Kí wọ́n kẹ̀yìn síra, ìjà dé. Owó ẹyọ kan náà ni o; bí a ṣe tò ó ló ń sọ̀rọ̀.

Ó yá, kíákíá. Àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ohùn ráyè mí. Inú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí ni kí ẹ ti gba ohùn, kí fóònù jìnnà sí ẹnu ní bíi sẹ̀ńtímítà 20, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà máa lù ú. Kẹ́ ẹ tó pa fóònù náà, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹ̀ ń fo èyí! Ìdákẹ́jẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gé ọ̀rọ̀ láìní in, àlàfo á dún bí ihò.

Ẹ má sì yára ju nǹkan nù. Nínú fíìmù Les glaneurs et la glaneuse, lọ́dún 2000, Agnès Varda, obìnrin tó ṣe fíìmù náà nílẹ̀ Faransé, fi ọwọ́ kan di kámẹ́rà kékeré mú, ó fi ya ọwọ́ kejì tó ti ń hunjọ. Nígbà kan, ó gbàgbé láti pa kámẹ́rà, ìdérí lẹ́ǹsì ń fì síwá sẹ́yìn. Ó fi orin jáàsì sí i, ìdérí bẹ̀rẹ̀ sí í jó.