Irọ́ Àárọ̀, Dọ́là Ọ̀sán

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Zone 4 ní Wuse rèé, l'Abuja, níbi táwọn àbókí ti ń ṣẹ́ owó. Ẹ wo èyí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Alhaja yẹn. Ó ti ka dọ́là tán, ó ku kó nà án sí wọn. Fóònù rẹ̀ dún, ó wò ó, ló bá dá owó padà sápò. "Alhaja, ẹ dúró ná." Òfin kankan ò yí padà o. Ọ̀rọ̀ òṣèlú kan ló wọlé lórí WhatsApp.

Ẹni tó ní dọ́là gbọ́ pé náírà fẹ́ já, ó fi tiẹ̀ pamọ́. Ẹni tó ń wá a gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ó sáré wá rà. Dọ́là á wọ́n, irọ́ ni o, òótọ́ ni o.

Ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 23, oṣù kẹrin, 2013, àwọn kan já wọ àkáǹtì Twitter ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bọ́ǹbù dún ní White House, pé Obama fara pa. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ka ìròyìn, tó sì ń ta ìpín ìdókòwò fúnra wọn, kò dúró béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nǹkan bíi bílíọ̀nù 136 dọ́là ti dín lára iye àwọn ilé-iṣẹ́ 500 tí wọ́n fi ń wọn ọjà ìpín ìdókòwò níbẹ̀. Nígbà tí irọ́ náà tú, ó padà sípò kíákíá.

Tiwa kì í tètè padà, ìyẹn ló ń dùn mí. Lọ́jọ́ kìíní, oṣù kẹfà, 2023, ìwé ìròyìn kan gbé e pé Báńkì Àpapọ̀ ti já náírà wálẹ̀ sí 630 sí dọ́là kan. Báńkì sẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ní 465 ni wọ́n ṣẹ́ ẹ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí báńkì kan náà fi tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa dá iye rẹ̀, ó sì já kọjá 600 sí dọ́là kan. Ẹni tó bá rántí èyí, tẹ́ ẹ bá ní irọ́ ni, á ní ó ń bọ̀ lọ́nà ni.

Alhaja yẹn ń ta léèsì l'ọ́jà Wuse. Owó ọjà rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Austria ló fẹ́ san. Kò lè dúró, ó ra dọ́là náà ní ọ̀wọ́n. Tí irọ́ bá tú lálẹ́, iye tó rà á ò ní yí padà. Ìyá ìyàwó tó bá wá wo aṣọ ẹbí ní ìparí oṣù ló máa san án.